Bí ẹ ṣe lè so dikódà, DVD àti ẹ̀rọ géèmù pọ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti Tákíẹ́ títí dé àdúgbò Under G tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé: báwo ni a ṣe ń so ohun èlò púpọ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo? Tẹlifíṣọ̀n wọn kò ní ju ihò HDMI kan tàbí méjì lọ, ìyẹn ihò tí àwòrán àti ohùn ń gbà wọlé papọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni dikódà wà nílẹ̀, ẹ̀rọ géèmù àwọn ọmọ wà nílẹ̀, láptọ́ọ̀pù náà sì wà tí wọ́n fẹ́ máa fi wo fíìmù lójú ńlá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe ni pé wọn a fa wáyà kan yọ, wọn a ti òmíràn bọ ihò náà, wọn a tún fa ìyẹn yọ lálẹ́ kí bàbá lè gbọ́ ìròyìn. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, ihò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àwòrán yóò máa wá, yóò máa lọ, àfi bí ẹnì kan bá di wáyà náà mú.

Ihò yẹn ni mo ń rò bí mo ṣe ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Bí súwíṣì HDMI, ìyẹn àpótí kékeré tí a ó fi so gbogbo ohun èlò pọ̀, bá bàjẹ́, ẹ ó ra òmíràn lọ́jọ́ kan náà, kò sì ní dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ihò tẹlifíṣọ̀n bá ya kúrò lára bọ́ọ̀dù, oníṣẹ́ ní láti tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n palẹ̀, kí ó fi òjé jó ihò tuntun mọ́ ọn, ẹsẹ̀ tín-ín-rín 19 ni ihò HDMI kan sì ní. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wáyà kan ṣoṣo wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, kí ó sì dúró síbẹ̀. Lára súwíṣì ni kí gbogbo fífà àti títì ti máa wáyé.

## Ohun tí súwíṣì ń ṣe

Súwíṣì HDMI jẹ́ àpótí kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ihò mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ní fún ohun tí ń wọlé, wọ́n sì máa ń kọ IN tàbí INPUT sí i pẹ̀lú nọ́ńbà. Ihò kan ṣoṣo ni ó ní fún ohun tí ń jáde lọ sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì máa ń kọ OUT tàbí OUTPUT sí ìyẹn. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀, tàbí ti rìmóòtù rẹ̀ bí ó bá ní, láti yan èyí tí ẹ fẹ́ wò. Kò lè fi méjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà lójú tẹlifíṣọ̀n, kò sì lè mú kí àwòrán tí kò mọ́ di èyí tó mọ́.

Ẹ má ṣe rà á ní ìràkuràà, nítorí pé ohun mìíràn wà tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, splitter ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú àwòrán láti ara dikódà kan, kí ó sì pín in fún tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ẹni tó ra splitter ní ọjà tí ó sì ń bá a jà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ó fi dikódà sí ihò kan, ó fi ẹ̀rọ géèmù sí ìkejì, ó sì ń retí kí àwòrán jáde níbi tí ó yẹ kó máa gbà wọlé. Ọ̀nà tí ẹ ó fi dá wọn mọ̀ kò ṣòro: bí ihò IN bá pọ̀ tí OUT sì jẹ́ ẹyọ kan, súwíṣì ni, bí IN bá jẹ́ ẹyọ kan tí OUT pọ̀, splitter ni. Àwọn súwíṣì kékeré kan wà tí wọ́n ní ihò mẹ́ta péré, tí ẹ lè lò fún IN méjì sí OUT kan tàbí IN kan sí OUT méjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í pín àwòrán bíi splitter. Irú àwọn yẹn dára fún ẹni tí ó ní ohun èlò méjì nìkan.

## Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó lọ sọ́jà

Ẹ mú fóònù, kí ẹ tan iná rẹ̀, kí ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀yìn ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Àwòrán yìí ni ẹ ó fi han ẹni tí ń tà á fún yín, kò ní jẹ́ kí ẹ máa ṣàpèjúwe ihò pẹ̀lú ọwọ́. Ohun tí ẹ ó wò nìyí:

- Ihò HDMI mélòó ni tẹlifíṣọ̀n ní? Ṣé wọ́n kọ ARC (ọ̀nà tí tẹlifíṣọ̀n fi ń dá ohùn padà sí home theatre) sí ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí nínú wọn?
- Ṣé ihò AV wà, ìyẹn aláwọ̀ ìyeyè fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn? Àbí ihò róbótó kan ṣoṣo bíi ti yẹtí-gbọ́rọ̀ (earphone) ni wọ́n kọ AV sí?
- Èwo nínú ohun èlò yín ni ó ní HDMI, èwo ni kò ní?
- Báwo ni ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ṣe jìnnà sí ibi tí ẹ fẹ́ gbé súwíṣì lé?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i níbi àyẹ̀wò yìí pé ẹ kò nílò súwíṣì rárá. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ní HDMI méjì àti AV, tí ohun èlò yín sì jẹ́ dikódà, láptọ́ọ̀pù àti DVD àtijọ́, dikódà àti láptọ́ọ̀pù yóò gba HDMI, DVD yóò gba AV, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ fi owó súwíṣì ra wáyà tó dára.

## Ohun tí ẹ ó rà

Súwíṣì tí ihò rẹ̀ fi ẹyọ kan ju iye ohun èlò tí ẹ ní lọ ni kí ẹ rà, nítorí pé ohun èlò tuntun kò ní pẹ́ wọlé. Ní ti irú èyí tí ẹ ó rà, tẹlifíṣọ̀n yín ni yóò sọ ọ́. Èyí tí wọ́n kọ HDMI 1.4 sí tó fún tẹlifíṣọ̀n tí ìwọ̀n àwòrán rẹ̀ kò kọjá 1080p, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n oní-íǹṣì 32 tó wà nínú ilé wa wà. Bí tẹlifíṣọ̀n bá jẹ́ 4K, ìwọ̀n tó ga ju ìyẹn lọ, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ HDMI 2.0 àti HDCP 2.2 sí. HDMI 1.4 lè gbé 4K, ṣùgbọ́n àwòrán 30 péré ni ó ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí 2.0 ń gbé 60. HDCP ní tirẹ̀ jẹ́ èdìdì tí àwọn tó ni fíìmù fi ń dènà àdàkọ. Bí súwíṣì kò bá mọ èdìdì náà, ojú tẹlifíṣọ̀n lè ṣú dùdù bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wáyà wà ní ipò wọn. Ẹni tí ó bá ní PlayStation 5 tí ó sì fẹ́ 4K ní 120 yóò wá HDMI 2.1, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ irú bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó lásán ni.

Ẹ tún wò ó bóyá súwíṣì náà ní ihò tí iná ń gbà wọlé. Àwọn kan kò ní, agbára díẹ̀ tí ń bọ̀ láti inú wáyà HDMI ni wọ́n ń lò. Irú wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú wáyà kúkúrú, ṣùgbọ́n bí wáyà bá gùn tàbí tí ohun èlò kan kò bá fún wọn ní agbára tó, wọn a máa ṣẹ́jú. Èmi a máa gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n ra èyí tí ó ní ihò iná, kódà bí ó bá wọ́n díẹ̀ sí i.

Àkójọ ọjà nìyí:

- Súwíṣì HDMI kan, pẹ̀lú rìmóòtù bí ẹ bá lè rí i.
- Wáyà HDMI kan fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan, àti ẹyọ kan sí i láti súwíṣì dé tẹlifíṣọ̀n. Ibi ẹyọ kan tí ó lé yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé, wọn a dé ilé tán kí wọ́n tó rántí.
- Wáyà USB tí yóò gbé iná fún súwíṣì, bí wọn kò bá fi sínú páálí rẹ̀.
- Sẹ́lótéèpù funfun àti bírò láti fi kọ orúkọ sára wáyà.

Ẹ má ṣe ra wáyà tó gùn ju bó ti yẹ lọ. Mítà kan tàbí méjì tó nínú yàrá ìgbàlejò. Wáyà lásán tí kò ní ẹ̀rọ amúgbòòrò nínú a máa mú ìṣòro wá fún 4K bí ó bá ti kọjá mítà 5.

## Ọ̀rọ̀ iná, kí ọwọ́ tó kan wáyà

Àwọn tó ṣe HDMI ní ẹ lè tì í, kí ẹ sì fà á nígbà tí iná wà lára ohun èlò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé níbí kò ní wáyà iná tí ó wọnú ilẹ̀, iná sì máa ń ga, ó máa ń lọ sílẹ̀ bó ti wù ú. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan ara dikódà rí tí ó ta yín jìgìjìgì, iná kékeré tó ń jò nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ti wáyà HDMI bọ tẹlifíṣọ̀n ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, iná yẹn lè gba inú wáyà náà kọjá sínú bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, kí ẹ fi rìmóòtù pa á kò tó. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìkìlọ̀ kejì jẹ mọ́ adápútà, èmi fúnra mi ni mo sì ṣe àṣìṣe náà. Fólítì 5 ni súwíṣì HDMI sábà máa ń lò, fólítì 12 sì ni ọ̀pọ̀ adápútà dikódà. Ẹnu méjèèjì lè bá ara mu. Mo wá adápútà súwíṣì mi tì, mo rí ti dikódà kan tó ti kú nínú dúrọ́ọ̀, ó wọ ihò náà ṣínṣín, mo sì tan iná. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí òórùn rọ́bà jíjóná fi gba yàrá. Ọpẹ́ ni pé n kò tíì so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn adápútà kí n tó tì í bọ ohunkóhun, mo sì rọ ẹ̀yin náà láti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ihò iná súwíṣì bá jẹ́ USB, inú ihò USB ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni ó dára jù láti ti gba iná, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ bá ti pa á, súwíṣì náà yóò kú pẹ̀lú rẹ̀.

Bí òjò bá ṣú, pàápàá nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì, ẹ yọ wáyà àwo tàbí ti eriali kúrò lẹ́yìn dikódà, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì gbogbo. Mọ̀nàmọ́ná tó bá gba wáyà àwo wọlé lè gba dikódà, súwíṣì àti tẹlifíṣọ̀n kọjá, nítorí pé ẹ ti so wọ́n pọ̀ báyìí.

## Ìgbésẹ̀ ìsopọ̀

1. Ẹ yọ gbogbo ohun èlò kúrò nínú iná, tẹlifíṣọ̀n, dikódà, géèmù, gbogbo wọn. Ẹ fi bírọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò nínú ihò wọn, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí ọ̀rinrin ẹnu.

2. Ẹ dán ohun èlò kọ̀ọ̀kan wò tààrà lára tẹlifíṣọ̀n, láìsí súwíṣì láàárín. Ẹ mú dikódà pẹ̀lú wáyà tí ẹ fẹ́ máa lò fún un, ẹ tì í bọ tẹlifíṣọ̀n, ẹ tan iná, ẹ tẹ Source tàbí Input lórí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ yan HDMI tí ẹ lò. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí àwòrán, tí ẹ ó sì gbọ́ ohùn. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì àti ìkẹta, kálukú pẹ̀lú wáyà tirẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo ènìyàn ń fò, òun sì ni ó ṣe kókó jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí. Nínú àwọn tí wọ́n ti pè mí pé súwíṣì àwọn kò ṣiṣẹ́, wáyà ni ó bàjẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, tàbí kó jẹ́ pé dikódà fúnra rẹ̀ ni kò gbé àwòrán jáde mọ́. Bí ẹ kò bá dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí ẹ bá so ohun mẹ́rin pọ̀ tán tí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú, ẹ kò ní mọ ẹni tí ẹ ó mú.

3. Ẹ fi sẹ́lótéèpù wé ìkángun wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjèèjì, kí ẹ kọ orúkọ ohun èlò sí i. Ẹ ṣe é nísinsìnyí tí wáyà ṣì wà nílẹ̀, torí pé bí wọ́n bá ti wọ ẹ̀yìn tábìlì tán, dúdú ni gbogbo wọn.

4. Ẹ wá ibi tí súwíṣì yóò jókòó sí. Kò gbọdọ̀ rọ̀ dirodiro lára wáyà, nítorí pé ìwúwo rẹ̀ yóò máa fa ihò tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀, ohun tí a sì ń sá fún gan-an nìyẹn. Ẹ gbé e lé orí tábìlì, níbi tí ọwọ́ tó o, tí ojú rẹ̀ sì kọ sí ibi tí ẹ ń jókòó kí rìmóòtù lè rí i.

5. Ẹ so wáyà láti OUT súwíṣì lọ sí HDMI 1 lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo bí orí wáyà ṣe rí: òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Bí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ yí i padà, ẹ má fi agbára tì í. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ má tún fọwọ́ kan wáyà yìí mọ́.

6. Ẹ so iná mọ́ súwíṣì, bí ó bá jẹ́ irú tí ń gba iná.

7. Ẹ so ohun èlò tí ilé ń lò jù mọ́ IN 1. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, dikódà ni. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n ṣáájú, kí súwíṣì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dikódà. Ìdí tí a fi ń tò ó báyìí ni pé ohun èlò a máa kọ́kọ́ bi tẹlifíṣọ̀n léèrè irú àwòrán tí ó lè gbà. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ṣì ń sùn, èsì kò ní wá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì súwíṣì títí iná kékeré nọ́ńbà 1 yóò fi tàn.

8. Bí àwòrán àti ohùn bá ti jáde, ẹ pa gbogbo rẹ̀, kí ẹ so èkejì mọ́ IN 2, kí ẹ tún dán an wò. Ẹ ṣe ìkẹta bákan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o, ẹ má kó wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan.

9. Ẹ wá tan gbogbo wọn papọ̀, kí ẹ máa yí láti nọ́ńbà kan sí òmíràn. Ojú tẹlifíṣọ̀n yóò ṣú fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí àwòrán tuntun tó dé. Kì í ṣe àìsàn, ẹ má sì máa tẹ bọ́tìnnì léraléra nítorí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń so láptọ́ọ̀pù ní ohun kan tó kù láti ṣe. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ P, kí ẹ sì yan Duplicate, kí ohun tó wà lójú láptọ́ọ̀pù lè hàn lójú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú.

## DVD àti PlayStation 2 tí kò ní HDMI

PlayStation 2 kò ní ihò HDMI, ọ̀pọ̀ DVD àtijọ́ kò sì ní in. PlayStation 3 ní HDMI àti AV méjèèjì, HDMI nìkan ló sì wà lára PlayStation 4. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ní ihò AV, ẹ so àwọn àgbà wọ̀nyí mọ́ ọn tààrà, kí ẹ fi súwíṣì sílẹ̀ fún àwọn tó ní HDMI.

Ihò AV tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé a máa ru ènìyàn lójú. Bí ẹ kò bá rí ihò ìyeyè ṣùgbọ́n tí ẹ rí aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ Video sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ni wáyà ìyeyè yóò wọ̀. Bí ó bá jẹ́ ihò róbótó kan ṣoṣo, ẹ nílò wáyà kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan níhìn-ín, tí ó sì jẹ́ mẹ́ta lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń ṣe wáyà yìí kì í to inú rẹ̀ bákan náà, nítorí náà bí àwòrán kò bá jáde nígbà tí ẹ fi ìyeyè kan ìyeyè, ẹ gbé ìyeyè lọ sí pupa, lẹ́yìn náà sí funfun. Bí àwòrán bá jáde láìsí àwọ̀, tí ó funfun tí ó sì dúdú nìkan, ẹ wọ inú ètò DVD lọ, kí ẹ yan PAL tàbí Auto dípò NTSC.

Ẹni tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kò ní AV ni ó nílò converter tí ń sọ AV di HDMI, tí yóò sì wá gba inú súwíṣì wọlé. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ojú rẹ̀ dáadáa: AV2HDMI ni ẹ ń fẹ́. HDMI2AV wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì kan náà, ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà nígbà mìíràn, ọ̀nà òdìkejì ló sì ń gbà ṣiṣẹ́. AV2HDMI náà nílò iná USB tirẹ̀. Ẹ má sì retí pé àwòrán yóò mọ́ gaara torí pé ó ti gba HDMI.

## Ohùn láti inú home theatre

Bí ihò HDMI kan bá ní ARC, tí ẹ sì ní home theatre tàbí soundbar tí ń lò ó, ihò yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún un, kí súwíṣì gba òmíràn. ARC kì í sábà ṣiṣẹ́ bí súwíṣì bá wà láàárín. Bí ihò HDMI tẹlifíṣọ̀n bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ gba ohùn jáde láti ihò yẹtí-gbọ́rọ̀ tàbí Optical, ìyẹn ihò tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn.

## Bí nǹkan kò bá lọ bó ti yẹ

Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú, wọ́n sì kọ No Signal. Ẹ wo Source tẹlifíṣọ̀n ṣáájú ohunkóhun, bóyá HDMI tí súwíṣì wà gan-an ni ẹ yàn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo iná nọ́ńbà ara súwíṣì. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ yọ ohun èlò náà kúrò lára súwíṣì, kí ẹ gbé e lọ sí ihò IN mìíràn. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ihò àkọ́kọ́ ni ó bàjẹ́.

Súwíṣì ń fò láti ọ̀kan sí òmíràn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ súwíṣì ni a ṣe láti máa tọ ohun èlò tó bá jí gbẹ̀yìn lọ. Dikódà tí ẹ fi rìmóòtù pa kì í kú pátápátá, ó ṣì ń fi agbára díẹ̀ ránṣẹ́ sínú wáyà, súwíṣì a sì rò pé ó ti jí. Ẹ wá bọ́tìnnì Auto, kí ẹ pa á. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ wọ inú Settings tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ pa CEC, ìyẹn ètò tí ń jẹ́ kí àwọn ohun èlò máa pàṣẹ fún ara wọn gba inú wáyà HDMI. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní Simplink, Sony sì ń pè é ní Bravia Sync.

Àwòrán ń ṣẹ́jú, tàbí àwọn àmì funfun wẹ́wẹ́ ń tàn lójú rẹ̀. Wáyà ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Ẹ lo èyí tó kúrú. Bí ẹ kò bá ní òmíràn, ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù nínú ètò ohun èlò náà, láti 4K sí 1080p, tàbí láti 1080p sí 720p.

Àwòrán wà, ohùn kò sí. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ àmì ohùn ní ìsàlẹ̀, kí ẹ yan tẹlifíṣọ̀n. Lórí dikódà, ẹ wo ètò ohùn. Bí ó bá wà lórí Dolby tí tẹlifíṣọ̀n kò sì gbà á, ẹ yan PCM tàbí Stereo.

Rìmóòtù súwíṣì kò ṣiṣẹ́. Ẹ wo bóyá ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi sí abẹ́ bátìrì tuntun ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fà á yọ.

## Bí súwíṣì kò bá bá ipò yín mu

Ẹni tí ó ní home theatre tó ní ihò HDMI mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ní súwíṣì tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Kí ó so gbogbo ohun èlò mọ́ home theatre, kí wáyà kan sì lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí gbogbo ohun èlò rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ mẹ́ta, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ oníkùn ńlá ayé àtijọ́, kí ó béèrè súwíṣì AV, èyí tí ẹ ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìka. Púpọ̀ nínú wọn kò nílò iná rárá. Àwọn tó ń ṣí ibi ìwòran bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ní dikódà méjì àti tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, tí wọ́n sì fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan lè gbé ìdíje láti inú dikódà tó bá wù wọ́n, súwíṣì lásán kò lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Matrix ni wọ́n ń wá, ìyẹn àpótí tí IN àti OUT rẹ̀ pọ̀, ó sì wọ́n jù ú lọ dáadáa.

Ẹni tí ohun èlò rẹ̀ kò ju méjì lọ tí kò sì ní owó súwíṣì lọ́wọ́ báyìí lè ra wáyà HDMI kúkúrú kan tí ìkángun rẹ̀ kan jẹ́ akọ, tí èkejì jẹ́ abo. Kí ó ti akọ bọ tẹlifíṣọ̀n, kí ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí ó máa ti wáyà bọ abo, kí ó máa fà á yọ. Bí abo bá gbó, wáyà kúkúrú ni ó gbó, tẹlifíṣọ̀n kò mọ nǹkan kan.

## Kí gbogbo ilé lè lò ó

Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ pe gbogbo ará ilé, kí ẹ fi bí wọn yóò ṣe lò ó hàn wọ́n, pàápàá àwọn òbí yín. Ìyá mi kì í fọwọ́ kan rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo so tiwa, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn yóò ba nǹkan jẹ́. Ohun tó tú ọ̀rọ̀ náà ni bébà kékeré tí mo lẹ̀ mọ́ ara súwíṣì: 1 ni dikódà, 2 ni géèmù, 3 ni láptọ́ọ̀pù. Mo lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ bọ́tìnnì 1 orí rìmóòtù náà, mo sì sọ fún wọn pé ohunkóhun tí àwọn ọmọ bá ṣe lójú tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n bá ti tẹ ewé yìí, ìròyìn wọn yóò padà wá.

Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi dikódà sí IN 1. Bí iná bá lọ tí ó sì padà dé, àwọn súwíṣì kan kì í rántí ibi tí wọ́n wà, nọ́ńbà 1 ni wọ́n ń padà sí. Bí ó bá jẹ́ géèmù ni ẹ fi síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí iná bá dé ni àgbàlagbà inú ilé yóò máa pe ọmọdé kí ó wá bá òun wá ìròyìn òun.